Ìka Kò Dọ́gba: Bí A Ṣe Ń Wọn Ìpín Iná Mànàmáná Nínú Omi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìka kò dọ́gba. Ìpín ẹ̀dá láyé ni wọ́n máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n ó bá iṣẹ́ iná mànàmáná mu pẹ̀lú. Bí alágbẹ̀dẹ wúrà bá ti òrùka fàdákà bọ inú omi wúrà, tí ó fi waya so ó mọ́ bátìrì, tí ó sì dúró títí òrùka náà fi pọ́n, yóò rí i bí ó bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa pé wúrà náà kò bò ó bákan náà. Etí òrùka àti gbogbo ibi tí ó yọ gọngọ ni wúrà ti nípọn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó dé inú kọ̀rọ̀ tí a fín iṣẹ́ ọnà sí. Nígbà tí ó bá pẹ́, ibi tí ó fẹ́lẹ́ yóò ṣí, fàdákà yóò yọjú, ẹni tí ó ra òrùka yóò sì máa pe alágbẹ̀dẹ ní olè. Bẹ́ẹ̀ olè kọ́ ni alágbẹ̀dẹ. Iná tí ó rán níṣẹ́ ni kò pín ara rẹ̀ dọ́gba.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá mọ sí orí òrùka, ìbá má tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe òrùka yìí náà ni ó ń ṣe àwọn kòtò ńláńlá tí a ti ń sọ bàbà di mímọ́, àwọn ìkòkò gbígbóná tí a ti ń yọ àlùmíníọ̀mù, àti àwọn bátìrì tí ó wà nínú mọ́tò àti nínú ilé. Nínú gbogbo wọn, àìdọ́gba iná lè ba ọjà jẹ́, ó lè fi owó ṣòfò, ó sì lè dá iná sun ilé. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ti ń wá ọ̀nà, fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, láti mọ iye iná tí ń gba ojú kọ̀ọ̀kan kọjá. Wíwọ̀n náà kò rọrùn, nítorí pé inú omi ni iná ọ̀hún ń gbà, ojú kò sì lè rí i.

OHUN TÍ FARADAY RÍ

Ní ọdún 1800 ni Alessandro Volta, ará ilẹ̀ Ítálì, kéde fún ayé pé bí a bá to àwo fàdákà àti àwo síńkì lé ara wọn, tí a sì fi aṣọ tí a rẹ sínú omi iyọ̀ sáàárín wọn, iná yóò máa ti ibẹ̀ jáde láìdáwọ́ dúró. Ní ọdún náà gan-an ni William Nicholson àti Anthony Carlisle fi irú iná bẹ́ẹ̀ tú omi palẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n rí i tí afẹ́fẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń hó jáde lára waya méjì. Lẹ́yìn èyí ni Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ irin tí kò ní àǹfààní àtilọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, fi ìdí òfin iṣẹ́ náà múlẹ̀ láàárín ọdún 1833 sí 1834.

Faraday rí i pé iye irin tí iná lè gbé láti ojú kan dé òmíràn nínú omi wà ní ìbámu pẹ̀lú iye iná tí ó kọjá. Bí iná bá di ìlọ́po méjì, irin yóò di ìlọ́po méjì. Òun náà ni ó kọ́kọ́ tẹ àwọn orúkọ tí gbogbo ayé ń lò títí di òní jáde nínú ìwé rẹ̀: ẹlẹ́kítíróòdù ni irin tàbí èédú tí iná gbà wọ inú omi tàbí tí ó gbà jáde, ánóòdù ni èyí tí iná gbà wọlé, kátóòdù sì ni èyí tí ó gbà jáde. Bí a bá fẹ́ fi bàbà bo irin, pèlébé bàbà ni a fi ń ṣe ánóòdù, yóò sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Irin tí a fẹ́ bò ni kátóòdù. Omi tí ó wà láàárín wọn kò ṣàjèjì sí àwọn ará ilẹ̀ Yorùbá. Òkúta aláwọ̀ búlúù tí àwọn àgbẹ̀ kòkó máa ń pò sínú omi láti fi fín oko, kí èso kòkó má baà dúdú kí ó sì jẹrà, òun náà ni a ń pò pọ̀ mọ́ ásíìdì fún iṣẹ́ yìí.

Fún bàbà, iná ámpíà 1 tí ó kọjá fún wákàtí 1 yóò gbé nǹkan bí gíráàmù 1.186. Nínú òfin yìí ni ọ̀nà àkọ́kọ́ tí a fi ń wọn ìpín iná ti jáde. Níwọ̀n ìgbà tí iná kò bá ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ, bíi kí ó máa hó afẹ́fẹ́ jáde nínú omi, ibi tí iná bá lọ ni bàbà yóò lọ. Ibi tí bàbà bá ti nípọn, ibẹ̀ ni iná ti pọ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò ní ohunkóhun ju òṣùwọ̀n lọ lè wọn iná tí kò rí: kí ó wọn irin kí ó tó tì í bọ omi, kí ó sì tún un wọ̀n nígbà tí ó bá yọ ọ́.

ÀWỌN ONÍBODÈ INÚ OMI

Kí ni kò jẹ́ kí iná pín dọ́gba? Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ ṣe ń rìn yóò tètè lóye rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ oníṣòwò bá ń bọ̀ láti oko kan náà, tí ìlú tí wọ́n ń lọ sì ní ẹnubodè púpọ̀, ẹnubodè tí ó súnmọ́ wọn jù ni ọ̀pọ̀ wọn yóò gbà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe ń ṣe. Omi a máa dè é lọ́nà. Bí ọ̀nà inú omi bá ṣe gùn tó ni ìdènà yóò ṣe pọ̀ tó. Etí irin àti ibi tí ó yọ síta súnmọ́ ánóòdù, ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀ sì pọ̀ láti apá gbogbo. Ibẹ̀ ni iná yóò rọ́ lọ, tí kọ̀rọ̀ inú yóò sì máa fi ebi pa.

Ṣùgbọ́n ní ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, oníbodè wà níbẹ̀ tí ń gba owó. Lójú irin, iná kò lè dédé wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ san owó ibodè kí ìyípadà tó wáyé láàárín omi àti irin. Bí èrò bá ṣe pọ̀ tó ní ẹnubodè kan ni owó ibẹ̀ ṣe ń ga sí i. Bí owó ibodè bá kéré, tí ìyà ojú ọ̀nà sì pọ̀, gbogbo èrò yóò rọ́ lọ sí ẹnubodè ìtòsí. Bí owó ibodè bá ga ju ìyà ojú ọ̀nà lọ, kò ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò máa sá fún ní ọ̀nà jíjìn mọ́, wọn yóò sì tàn ká gbogbo ẹnubodè. Ìṣirò tí ó fi ohun méjèèjì yìí wé ara wọn ni Carl Wagner, onímọ̀ ará Jámánì, ṣe àlàyé rẹ̀ ní kíkún ní ọdún 1951, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe nọ́ńbà náà títí di òní.

Ohun kẹta tún wà. Bí èrò bá pọ̀ jù ní ẹnubodè kan, ọjà tí wọ́n wá rà níbẹ̀ lè tán. Bàbà tí ó wà nínú omi lẹ́bàá irin lè dínkù ju bí omi ṣe lè kó òmíràn wá lọ. Nígbà náà, bí a tilẹ̀ fi ipá ti iná, bàbà tí yóò wọlé kò ní dán. Yóò rí gbúngbùngbún bí ara ọ̀pọ̀lọ́, tàbí kí ó máa wó bí ìyẹ̀fun. Ìdí nìyí tí a fi ń ru omi náà pọ̀, tí a sì ń mú un gbóná.

ÀPÓTÍ HARING ÀTI BLUM, ÀPÓTÍ HULL

Ní ọdún 1923, H. E. Haring àti William Blum, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà kan jáde tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pàápàá lè tẹ̀ lé. Wọ́n mú àpótí gígùn kan, wọ́n fi kátóòdù kọ̀ọ̀kan sí orí rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì fi ánóòdù sáàárín, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí àárín gbùngbùn. Bí a bá ní ọ̀nà tí ó lọ sí apá kan jẹ́ ìlọ́po 5 èkejì, tí ó bá jẹ́ pé ìdènà omi nìkan ni ó ń ṣe ìpín, gíráàmù 5 ni yóò dé ibi ìtòsí bí gíráàmù 1 bá dé ibi jíjìn. A óò wá tan iná, a óò dúró, a óò sì wọn irin méjèèjì. Bí a bá rí gíráàmù 3 sí 1, a mọ̀ pé owó ibodè ti bá wa tún ìpín náà ṣe. Bí a bá rí 5 sí 1 gẹ́lẹ́, omi náà kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nípa báyìí ni oníṣẹ́ ṣe lè mọ omi tí yóò dé inú kọ̀rọ̀ kí ó tó fi ọjà oníbàárà sínú rẹ̀.

Ọdún 16 lẹ́yìn èyí, ní 1939, Richard O. Hull gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí àpótí kan tí ó tún gbọ́n ju èyí lọ. Dípò kí ó ní kátóòdù méjì, ọ̀kan ṣoṣo ni ó ní, ṣùgbọ́n ó dá a ní ìdàgẹ̀rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí orí rẹ̀ kan fi súnmọ́ ánóòdù, tí orí kejì sì jìnnà. Láti orí kan dé èkejì, iná ń dínkù díẹ̀díẹ̀, nítorí náà pèlébé kan ṣoṣo ń fi gbogbo ìwọ̀n iná hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná ámpíà 2 bá kọjá nínú àpótí tí ó wọ́pọ̀ jù, èyí tí ó ń gba mìlílítà 267, ìṣirò rẹ̀ sọ pé níbi sẹ̀ǹtímítà 1 láti orí tí ó súnmọ́, iná tí ń wọlé tó ámpíà 10 lórí ìwọ̀n ojú tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10 tí ó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10. Níbi sẹ̀ǹtímítà 5, kò ju bí ámpíà 3 lọ. Níbi sẹ̀ǹtímítà 8, kò tó ámpíà 1. Oníṣẹ́ yóò tan iná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò yọ pèlébé náà, yóò sì kà á bí ẹni ń ka ìwé: ibí yìí jóná, ibí yìí dán, ibí yìí ṣú, ibí yìí kò gba nǹkan kan. Láti inú èyí ni yóò ti mọ ìwọ̀n iná tí ó yẹ omi rẹ̀ àti ohun tí omi náà ṣe aláìní.

LÓRÍ KÒTÒ BÀBÀ

Àpótí kékeré nìwọ̀nyí. Níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti di owó ńlá ni ilé iṣẹ́ tí ń sọ bàbà di mímọ́. Ní ilẹ̀ Adúláwọ̀, agbègbè Copperbelt ní ilẹ̀ Sáḿbíà ni ó lókìkí jù fún iṣẹ́ yìí ní ọ̀rúndún ogún, ní àwọn ìlú bíi Kitwe àti Mufulira. Bàbà tí ó ti inú iná jáde a máa mọ́ dé nǹkan bí ìdá 99 nínú 100, ṣùgbọ́n waya iná ń fẹ́ èyí tí ó mọ́ dé 99.99, nítorí pé ẹ̀gbin díẹ̀ péré lè sọ ọ́ di aláìwúlò fún waya. A óò wá dá bàbà aláìmọ́ náà ní pèlébé ńláńlá, a óò gbé e kọ́ sínú kòtò omi aláwọ̀ búlúù gẹ́gẹ́ bí ánóòdù, a óò sì gbé kátóòdù sáàárín wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbà yóò yọ́ láti apá kan, yóò sì lẹ̀ mọ́ apá kejì ní mímọ́. Wúrà àti fàdákà tí ó wà nínú rẹ̀ kì í yọ́. Ìsàlẹ̀ kòtò ni wọ́n ń rọ̀ sí bí ẹrẹ̀, a sì ń kó wọn tà.

Ipá tí ń ti iná nínú kòtò bẹ́ẹ̀ kéré púpọ̀, kò ju nǹkan bí ìdá 3 nínú ìdá 10 fóòtì kan lọ, ṣùgbọ́n iná náà pọ̀ ní iye. Jẹ́ kí a ní kátóòdù 40 wà nínú kòtò kan, tí iná ámpíà 12,000 sì ń wọ inú rẹ̀. Bí ìpín bá dọ́gba, 300 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, kátóòdù kọ̀ọ̀kan yóò sì gba bàbà tí ó lé ní kìlógíráàmù 8 láàárín ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n àlàfo tí ó wà láàárín ánóòdù àti kátóòdù kéré. Bí kátóòdù kan bá wọ́ díẹ̀, tàbí tí kókó kan bá hù lójú rẹ̀, ibi tí ó yọ síta yìí ni iná yóò rọ́ lọ. Bí iná ṣe ń pọ̀ níbẹ̀ ni kókó ń gùn sí i, bí ó sì ṣe ń gùn ni iná ń pọ̀ sí i, títí yóò fi kan ánóòdù. Èyí ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní bíríjì. Láti ìgbà náà, iná kò gba inú omi mọ́; ara irin ni ó ń gbà kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì ṣe iṣẹ́ kankan.

Ká ní ámpíà 1,200 ni ó ń gba bíríjì bẹ́ẹ̀ kọjá. Kátóòdù 39 tí ó kù yóò pín 10,800, nǹkan bí 277 ni yóò sì kan ọ̀kọ̀ọ̀kan dípò 300. Kò sí ẹni tí yóò fi ojú lásán rí ìyàtọ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀, bí bíríjì kan ṣoṣo náà bá wà níbẹ̀ fún ọjọ́ kan, bàbà kìlógíráàmù 34 ni ilé iṣẹ́ náà pàdánù, owó iná rẹ̀ sì ti san. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé: pèlébé tí ó gba ìpín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gbóná, bàbà rẹ̀ yóò kún fún kókó àti ẹ̀gbin, a ó sì dá a padà sínú iná àgbẹ̀dẹ láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bí ilé iṣẹ́ bá ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kòtò, ẹnikẹ́ni lè ṣe ìyókù ìṣirò náà. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ìwọ̀nba gúlúù tí a fi awọ àti egungun ẹran ṣe sínú omi náà, kí ojú bàbà lè máa jọ̀lọ̀. Ìdí sì nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń rìn lórí kòtò láti wá bíríjì kiri.

ÒÒFÀ, OORU ÀTI ABẸ́RẸ́

Ọ̀nà wo ni wọ́n fi ń wá a? A kò lè gé ọ̀pá tí pèlébé kọ́ sí láti fi mítà sáàárín rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà. Èkínní ni ooru. Ọ̀pá tí iná pọ̀ jù nínú rẹ̀ a máa gbóná, kámẹ́rà tí ń rí ooru yóò sì fi í hàn láti òkèèrè bí ẹyín iná nínú òkùnkùn. Àléébù rẹ̀ ni pé bíríjì ti ní láti wà ná kí ọ̀pá tó gbóná dáadáa. Lẹ́yìn tí olè ti wọlé ni ajá ń gbó.

Èkejì ni òòfà. Ní ọdún 1820 ni Hans Christian Ørsted, ará Dẹ́ńmáàkì, rí i pé waya tí iná ń gbà kọjá a máa yí abẹ́rẹ́ òòfà. Ní ọdún 1879, Edwin Hall ní Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá gbé irin pẹlẹbẹ tí iná ń gbà sí iwájú òòfà, ipá kékeré kan a máa yọ ní ìhà rẹ̀, ìwọ̀n ipá yìí sì ń tẹ̀ lé agbára òòfà náà. Láti inú èyí ni a ti ṣe ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ lè fà kọjá lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan láìfi ọwọ́ kàn án, tí yóò sì máa sọ iye iná tí ó wà nínú rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀pá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà ní òòfà tirẹ̀. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí èrò ọjà, olùṣirò ni ó sì gbọ́dọ̀ ya ohùn kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀.

Ẹ̀kẹta ni òfin tí Georg Ohm, ará Jámánì, gbé jáde ní ọdún 1827: bí iná bá ṣe pọ̀ tó nínú irin ni ipá tí ó pàdánù lójú ọ̀nà ṣe pọ̀ tó. Bí a bá fi abẹ́rẹ́ méjì kan ojú méjì lórí ọ̀pá bàbà, tí a sì mọ ìdènà tí ó wà láàárín wọn, a ó mọ iná náà. Bí ìdènà bá jẹ́ ìdá 20 nínú mílíọ̀nù ìwọ̀n ohm kan, iná ámpíà 300 yóò fi ìdá 6 nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì kan hàn. Ìṣọ́ra wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bàbà tí ó bá gbóná sí i ní ìwọ̀n 50 a máa dènà iná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìdá 20 nínú 100. Ẹni tí ó bá gbàgbé ooru yóò ka 360 níbi tí 300 wà, yóò sì yọ pèlébé tí kò ṣẹ̀.

ÌKÒKÒ TÍ A KÒ LÈ FI ỌWỌ́ KÀN

Bí ó bá jẹ́ ti àlùmíníọ̀mù, ọ̀rọ̀ tún le ju báyìí lọ. Ọ̀nà tí Charles Martin Hall ní Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní ilẹ̀ Faransé rí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọdún 1886 ni a ṣì ń lò. Omi inú ìkòkò náà gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 960 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì ń jẹ irin. Kò sí ẹ̀rọ ìwọ̀n tí ó lè pẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn búlọ́ọ̀kù èédú ńlá ni ánóòdù, wọ́n sì so wọ́n rọ̀ láti òkè lórí ọ̀pá. Àlùmíníọ̀mù yíyọ́ tí ó wà nísàlẹ̀ ìkòkò ni kátóòdù. Iná tí ń wọ ìkòkò kan lè lé ní ámpíà 100,000, nínú àwọn tuntun ó sì lé ní 500,000.

Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ti jó ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ àlùmíníọ̀mù Ikot Abasi, ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àlùmíníọ̀mù ní ọdún 1997, pẹ̀lú ète láti máa ṣe tọ́ọ̀nù 193,000 lọ́dún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ dúró níbẹ̀ ní ọdún 1999. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008, ó sì tún dúró ní ọdún 2013.

Nínú iṣẹ́ yìí, òṣìṣẹ́ a máa mú fọ́ọ̀kì gígùn tí ó ní ẹnu méjì, a fi kan ọ̀pá ánóòdù kọ̀ọ̀kan, a sì ka ipá tí ó wà láàárín ẹnu méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí òfin Ohm. Èédú tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sínú ìkòkò tutù. Omi ìkòkò a dì mọ́ ọn lára, kì í sì í lè gba ìpín rẹ̀ pé títí nǹkan bí ọjọ́ kan. Àwọn yòókù ni yóò máa ru ẹrù rẹ̀. Èyí tí ó bá rẹlẹ̀ jù yóò gba ju tirẹ̀ lọ, àlùmíníọ̀mù yíyọ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lè ru sókè, kí ó sì kàn án. Bí oúnjẹ ìkòkò náà, ìyẹ̀fun funfun tí à ń pè ní àlúmínà, bá tán ní apá kan, iná yóò sá kúrò lápá ibẹ̀. Bí a kò bá tètè fún un ní oúnjẹ, ìkòkò yóò wọ inú àìsàn, ipá iná rẹ̀ yóò fò láti nǹkan bí fóòtì 4 sí 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sì máa tú gáàsì tí ń mú kí ayé gbóná jáde. Ọ̀kan nínú àwọn gáàsì wọ̀nyí lè wà lójú ọ̀run fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹni tí ń wọn ánóòdù kọ̀ọ̀kan yóò mọ ibi tí ebi ti ń pa ìkòkò kí gbogbo rẹ̀ tó ṣubú. Ẹni tí ń wo àpapọ̀ nìkan yóò mọ̀ nígbà tí ó bá ti bọ́.

BÁTÌRÌ INÚ ILÉ

Ẹni tí kò rí kòtò bàbà rí ní bátìrì nílé. Nínú bátìrì mọ́tò, orí pèlébé òjé ni iná ń gbà wọlé tí ó sì ń gbà jáde. Òjé kò gbé iná dáadáa bí bàbà. Ìdènà rẹ̀ tó ìlọ́po 12 ti bàbà. Nítorí náà nígbà tí a bá ń ta mọ́tò jí, tí iná púpọ̀ ń jáde lójijì, apá òkè pèlébé ni ó ń ṣiṣẹ́ ju apá ìsàlẹ̀ lọ. Láti mọ èyí, àwọn olùwádìí a máa gé ẹlẹ́kítíróòdù sí wẹ́wẹ́, wọn a so waya mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a sì wọn wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tàn tirẹ̀: pèlébé tí a gé kì í ṣe pèlébé tí ó wà lódidi mọ́, ìṣirò sì ni a ó fi mọ ohun tí gígé náà yí padà.

Nínú bátìrì lítíọ́mù, èyí tí ilé iṣẹ́ Sony kọ́kọ́ gbé wá sí ọjà ní ọdún 1991, tí John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino sì gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní ọdún 2019, ewu náà pọ̀ sí i. Bí a bá fi ipá ṣájì í, lítíọ́mù lè dì gẹ́gẹ́ bí irin níbi tí iná ti pọ̀ jù, dípò kí ó wọ inú èédú tí ó yẹ kí ó sùn sí. Irin náà lè hù bí kókó orí bàbà Kitwe, kí ó sì di bíríjì. Omi inú irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe omi òjò. Ó lè gbiná.

Nísinsìnyí tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń fi sólà àti ìnfátà gba ara wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ òkùnkùn, ẹ̀kọ́ yìí ti wọ yàrá. Bí bátìrì mẹ́rin bá wà tí a so orí rere wọn pọ̀, tí a sì so orí òdì wọn pọ̀, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ a máa so waya méjèèjì tí ń lọ sí ìnfátà mọ́ bátìrì àkọ́kọ́ nìkan, nítorí pé òun ni ó súnmọ́. Bátìrì tí ó súnmọ́ yìí ni iná yóò máa gbà jù, òun ni yóò sì kọ́kọ́ kú, tí yóò fa àwọn yòókù lọ́wọ́ lọ. Ọ̀nà tí ó dára ni kí a so waya rere mọ́ bátìrì àkọ́kọ́, kí a sì so waya òdì mọ́ èyí tí ó kẹ́yìn, kí ọ̀nà tí iná ń gbà nínú waya lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà fún gbogbo wọn. Mítà tí ó ní ẹnu bí ẹ̀mú, irú èyí tí ń wọn iná bátìrì, ni oníṣẹ́ yóò wá fi gbá waya kọ̀ọ̀kan mú láìgé e. Ohun tí Edwin Hall rí ní ọdún 1879 ni ó wà nínú ẹ̀mú náà. Bí nọ́ńbà tí ó rí lórí àwọn waya náà bá súnmọ́ ara wọn, iṣẹ́ rẹ̀ ti dára. Bí ọ̀kan bá ga ju ìyókù lọ gan-an, ó ti rí ibi tí àìsàn yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mítà tí ó ń ka àpapọ̀ iná yóò sọ pé àlàáfíà wà, nígbà tí ẹnì kan nínú agbo ń jẹun ẹni mẹ́rin. Nínú òrùka, nínú kòtò bàbà, nínú ìkòkò àlùmíníọ̀mù àti nínú bátìrì ilé, ìyà tí ó ń jẹ oníṣẹ́ kì í sábà wá láti inú àìtó iná. Ó ń wá láti inú iná tí ó tó, ṣùgbọ́n tí ìpín rẹ̀ kò tọ́. Ìka kò dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ̀n wọ́n ni yóò mọ èyí tí ó yẹ kí ó fi òrùka sí.